Ẹṣin Tó Dúró Létí Odò Tí A Tì

Kí Moroesi tó rí ojú ẹni tó wà nínú odò, ó ti rí ẹṣin rẹ̀. Ẹṣin dúdú ni, àmì funfun wà níwájú orí rẹ̀ bí ìràwọ̀. Ó dúró láàárín òkìtì òkúta méjì, ó ń fi ètè wá koríko lábẹ́ yìnyín. Kò sí ẹṣin méjì bẹ́ẹ̀ ní gbogbo abúlé Ha Letuka. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ọmọbìnrin yìí ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ọrùn ẹṣin náà nígbà tí ẹni tó ni ín ń sọ ọ̀rọ̀ dídùn sí i létí? Ẹṣin náà dá a mọ̀. Ó gbórí sókè, ó na ẹnu sábẹ́ kúbùsù tí Moroesi fi bora, níbi tó máa ń tọ́jú àgbàdo yíyan sí fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, orí ẹṣin yìí kan náà ni Seabata tó ni ín yóò wà, òun àti àwọn arákùnrin bàbá rẹ̀, láti wá tọrọ Moroesi lọ́wọ́ ìyá-àgbà tó tọ́ ọ dàgbà. Ṣùgbọ́n Moroesi ni olùṣọ́ leboella, ibi tí olóyè tì. Ẹranko tó bá sì ti fẹsẹ̀ kan inú leboella, ọgbà àmúdè ló ń lọ títí di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, ì báà jẹ́ ti ọba.

Títí di ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń ti odò. Koríko ni wọ́n ń tì. Olóyè á ní kí wọ́n to òkìtì òkúta yí i ká, ìyẹn ni leboella, kò ní sí dòjé tàbí eyín màlúù tó gbọ́dọ̀ kàn án títí yóò fi ga débi àyà èèyàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, gbogbo abúlé á jọ wọ̀ ọ́ pọ̀, onílé ńlá àti opó, olúkúlùkù á gé èyí tó máa fi bo òrùlé rẹ̀. Odò ńkọ́? Ta ni yóò to òkúta yí omi ká?

Ẹja tíráòtù ló fà á, ẹja tó ní àmì pupa lára bí ẹni tí wọ́n ta osùn sí. Bí òtútù bá ti mú, wọ́n á gòkè láti inú odò ńlá wá sí odò Phororong láti wá yé ẹyin sáàárín òkúta wẹ́wẹ́, nínú omi tí kò mu èèyàn dé orúnkún. Lásìkò yẹn, ẹni tó bá ní fọ́ọ̀kì ọgbà tí kò sì lójú àánú lè pa ẹja kún apẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó yọ tán.

Nínú ìpàdé tí Olóyè 'Matšoanelo, opó tó ń ṣàkóso abúlé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, pè síwájú ilé rẹ̀, Moroesi dìde láàárín àwọn obìnrin. Àwọn ọkùnrin rò pé ó fẹ́ lọ bomi wá fún wọn ni. Ó ní kí wọ́n ti Phororong fún gbogbo oṣù òtútù mẹ́ta, bí wọ́n ṣe ń ti koríko. Ó sọ ti odò Mafika ní ìhà kejì òkè, níbi tí wọ́n bí i sí: ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi gún ẹja níbẹ̀ lórí ẹyin wọn, lọ́dún karùn-ún wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ lọ, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo bọ̀.

Èyí tí kò sọ ni ti ẹja tí Seabata gbé wá fún un nígbà òtútù tó kọjá. Bí ọkùnrin mìíràn ṣe ń gbé ìlẹ̀kẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ni Seabata ṣe gbé ẹja náà fún un, ó fi ewé wé e, ojú ń tì í díẹ̀. Nígbà tí Moroesi la ikùn rẹ̀, ẹyin dà sórí ìka rẹ̀ bí iyùn tí okùn rẹ̀ já. Ó dúró níbẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kú. Ìfẹ́ ló gbé ẹja náà wá, ó mọ̀, síbẹ̀ kò lè fi í sẹ́nu.

Ntate Lefa, ìyẹn Bàbá Lefa, ẹ̀gbọ́n bàbá Seabata, ló dá a lóhùn níjọ́ náà, kò sì sọ̀rọ̀ bí aṣiwèrè.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ ẹ. Jẹ́ kí n bi ẹ́. Nígbà ooru, ibo ni ẹja wà? Inú ibú. Ta ló ní ọ̀pá ìwọ̀ tó lè dé inú ibú? Àwọn àlejò ilé ìtura ni. Ìgbà òtútù nìkan lẹja ń gòkè wá bá àwa tá ò ní ju ọwọ́ àti fọ́ọ̀kì lọ. Tẹ́ ẹ bá tì í nígbà òtútù, ẹ ò tì í mọ́ àlejò. Àwa lẹ tì í mọ́."

Gbogbo ìpàdé hùn. Ọ̀rọ̀ náà wọ Moroesi pàápàá lára, nítorí òótọ́ ni.

"Òótọ́ lẹ sọ, Ntate," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká kúkú tì í mọ́ gbogbo èèyàn, fọ́ọ̀kì àti ọ̀pá ìwọ̀. Tí wọ́n bá yé tán, tí wọ́n ń padà sísàlẹ̀, kí Olóyè dá ọjọ́, ká jọ wọ odò bá a ṣe ń jọ wọ koríko, kí ilé kọ̀ọ̀kan pa tiẹ̀."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn béèrè bóyá ẹja náà máa mọ òkìtì òkúta nígbà tó bá rí i. Òmíràn ní ṣé ọmọbìnrin ni yóò wá máa fa akọ ẹṣin lọ sí àtìmọ́lé. Seabata náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ní jẹ́ kí òkúta máa pàṣẹ fún òun létí odò tí bàbá òun ti wẹ òun. Kò sọ ọ́ láti fi bú u. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún Moroesi níhà bí ẹ̀gún inú kúbùsù.

Olóyè jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwọ lo dábàá ẹ̀, Moroesi. Ìwọ ni wàá ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o: lọ́jọ́ tí olùṣọ́ bá dá ẹran ẹnìkan sí, leboella ti tú nìyẹn. Mi ò sì ní tún un tì láyé mi."

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, Ìyá wa," ni Moroesi dáhùn.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi to òkúta, láti ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti ń já bọ́ títí dé àpáta funfun, ní bèbè méjèèjì. Ó ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ kan kò kàn án, àfi òní.

Seabata wà nínú omi, ó ká ṣòkòtò sókè orúnkún, ẹja méjì ti nà sílẹ̀ lẹ́bàá bàtà rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè tó rí i, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń yọ́ Moroesi bí òrí tí wọ́n gbé sítòsí iná.

"Mo rò pé apá òkè lọ́hùn-ún lo wà láàárọ̀ yìí."

"Mo ti dé ibẹ̀. Mo ti bọ̀."

"Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìyá-àgbà ni mo pa á fún. Àbí ọwọ́ òfìfo ni wọ́n fi ń wá tọrọ ìyàwó?"

Moroesi ti ń tú okùn ẹṣin náà lára igi. Seabata fò jáde nínú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n fún òtútù.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń mú ẹṣin tó wọ leboella."

"Moroesi, ẹṣin mi ni."

"Mo mọ ẹni tó ni ín. Ká ní mi ò mọ̀ ọ́n ni, ì bá rọrùn fún mi."

Seabata wò ó. Ojú tó máa ń mọ́lẹ̀ bó bá ti rí i, ó ti ṣú báyìí bí ojú ọ̀run tó fẹ́ da yìnyín. "Tó o bá mú un lọ, kí ni mo fẹ́ gùn wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta? Ṣé kí n máa fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn àwọn bàbá mi bí ẹni tó ń da àgùntàn?"

"Ìyẹn kù sọ́wọ́ ẹ."

"Mi ò ní wá nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré, àmọ́ Moroesi rí gbogbo ọjọ́ ayé tó ti fi ọkàn yà sílẹ̀, ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn, ọmọ tó máa jọ Seabata níwájú orí, gbogbo rẹ̀ ń ṣàn lọ lójú omi. Ó di ìjánu mú.

"Má wá, nígbà náà."

Seabata mi orí. Inú ń bí i, ó sì ń dùn ún, ọ̀kan kò jẹ́ kí èkejì sọ̀rọ̀ tán. "Tálákà lagbára ẹ mọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn àlejò ilé ìtura ń bọ̀ wá dẹ ìwọ̀ níbí, tẹṣin tẹṣin. Màá jókòó sórí òkè yẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ tó mú ìjánu tèmi á lè mú tiwọn."

"Mú kúbùsù méjì dání," ni Moroesi wí. "Òkè yẹn tutù."

Ó kó ẹja méjèèjì sínú àpò, nítorí ti Olóyè ni wọ́n, ó sì fa ẹṣin náà lọ. Kò jẹ́ kí omijé kan bọ́ títí ó fi kọjá àpáta funfun.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ ti dé ibi ìsun omi. Àwọn obìnrin ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí, ìyàwó tó ti ẹṣin ọkọ mọ́lé kó tó wọlé ọkọ. Ọ̀kan ní ó jọ pé ẹja ni yóò wá san màlúù ìdána Moroesi. Moroesi gbé kẹ̀ǹgbẹ̀ rẹ̀ karí, ó ní ìyẹn náà dáa, ẹja kì í ṣòfófó.

Nílé, Ìyá-àgbà kò fẹnu kan pápà, òkèlè àgbàdo tí Moroesi tẹ̀ fún un. Ó jókòó ti iná tí wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ dá, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, òun kò rí ọmọbìnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ lé àfẹ́sọ́nà dànù. Nígbà tó bú u tán, ó wá rọ ohùn.

"Ṣé o fẹ́ràn ọmọ náà?"

"Ìyá-àgbà, mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń dùn mí nínú eegun."

"Kí ló wá dé tó ò fi yọ́ ẹṣin yẹn sílẹ̀? Ta ló rí ẹ?"

"Èmi rí ara mi. Tí ẹlòmíì bá wọ odò lọ́la, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá a sọ̀rọ̀?"

Ìyá-àgbà mí kanlẹ̀. Ó koná. Olóyè náà ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn pé ọjọ́ Ajé ni ìgbẹ́jọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí Moroesi bá fẹnu ara rẹ̀ tọrọ ẹṣin náà nítorí ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun lè fi ojú fò ó. Moroesi rántí ohun tí Olóyè fúnra rẹ̀ sọ níjọ́ ìpàdé, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá wa, òun kò tọrọ nǹkankan.

Ohun tí kò sọ fún ẹnìkan ni pé àràárọ̀ ló ń gé koríko lọ fún ẹṣin náà nínú ọgbà àmúdè. Lọ́jọ́rú, ó bá pòròpórò ọkà bàbà tuntun níwájú rẹ̀, ẹnìkan ti ṣíwájú òun débẹ̀. Ipa bàtà wà lójú yìnyín, gìgísẹ̀ ti òsì ya. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ń sọ fún ẹni tó ni bàtà náà láti ìgbà ìkórè pé kó lọ rán an. Lọ́jọ́bọ̀, ó tún rí i. Ó fi koríko tirẹ̀ lé orí ti ẹni náà, ó sì lọ. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó kan orí, àwọn àlejò dé. Méjì ni wọ́n, wọ́n wọ bàtà rọ́bà tó ga dé itan, ọ̀pá ìwọ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ìrù ẹṣin. Tefo, máníjà ilé ìtura, ló kó wọn wá, ọkùnrin aláfẹ́ tó ń pọ́n èdè Sesotho rẹ̀ lénu bí ará Maseru, olú-ìlú. Wọ́n so ẹṣin mẹ́ta mọ́ igi láàárín òkìtì òkúta, wọ́n sì ki ẹsẹ̀ bọ omi, lórí ẹyin.

Moroesi sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Ó gbójú wo òkè lẹ́ẹ̀kan. Ẹnìkan jókòó síbẹ̀ lóòótọ́, kúbùsù méjì ló fi bora.

Tefo kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní òun gbọ́ nípa òkúta rẹ̀, ó rẹwà, àwọn àlejò òun tilẹ̀ ti ya àwòrán rẹ̀. Ó wá fa ìwé kan yọ. "Àbúrò, a níwèé àṣẹ. Ó wà níbí pé àwọn èèyàn wa lè pa ẹja nínú odò yìí nígbàkígbà."

"Ó dáa," ni Moroesi wí. "Kí wọ́n máa pa á."

Tefo kò retí ìyẹn. Kó tó mọ ohun tó máa sọ, Moroesi ti tú okùn ẹṣin àkọ́kọ́.

"Kí nìyẹn?"

"Ìwé yín dárúkọ ẹja. Kò dárúkọ ẹṣin. Ẹṣin yín wà nínú leboella."

"Ṣé ara ẹ dá? Ilé ìtura jìnnà síbí. Ṣé kí àlejò máa fẹsẹ̀ rìn nínú òtútù yìí ni?"

"Wọ́n láǹfààní. Wọ́n ní bàtà tó dáa ju ti ará ibí lọ."

Tefo fi ìwé sápò, ó gbá ìjánu mú lọ́wọ́ rẹ̀. Moroesi kò fi sílẹ̀. Ẹṣin kejì bẹ̀rẹ̀ sí í tàpá, ẹ̀kẹta fa okùn rẹ̀ yí igi ká, Moroesi sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò lè fa mẹ́ta, bóyá ni òun lè fa ọ̀kan. Àwọn àlejò dúró nínú omi, wọ́n ń wò wọ́n. Tefo ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ní kó má jẹ́ kí òun fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ níwájú àjèjì. Moroesi ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò.

Nígbà náà ló gbọ́ ìró bàtà lórí òkúta. Gìgísẹ̀ ti òsì ń fà.

Seabata kò wo ojú rẹ̀. Ó tú ẹṣin kejì, ó tú ẹ̀kẹta, ó wé okùn wọn mọ́wọ́. Ó wá yíjú sí Tefo, ohùn rẹ̀ tutù bí omi odò náà.

"Tèmi ti wà nínú ọgbà yẹn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ntate. Tiyín á bá a ṣeré."

Tefo fọwọ́ sílẹ̀.

Wọ́n jọ gòkè lọ, ẹṣin mẹ́ta láàárín wọn.

"O ṣì di ìjánu yẹn mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀," ni Seabata wí.

"Òtútù ni."

"Irọ́ ni."

"Irọ́ ni."

Wọ́n tún rìn díẹ̀. "Ṣé wàá wá tú tèmi sílẹ̀ báyìí?"

"Rárá."

Seabata rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àtijọ́ yẹn, Moroesi sì ní láti wo ibòmíràn. "Mo mọ̀," ó ní. "Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ ni."

Kò sọ bóyá òun máa wá lọ́jọ́ kejì. Moroesi kò sì bi í. Ìgbéraga àwọn méjèèjì dọ́gba.

Tefo fẹsẹ̀ rìn dé ilé Olóyè lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Olóyè 'Matšoanelo wọ awò, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó tún yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó ní òun rí ẹja, òun rí omi, òun rí ọ̀pá, òun kò rí ẹṣin. Ó ní ọjọ́ Ajé ni ìgbẹ́jọ́, gbogbo ẹni tó ní ẹṣin nínú ọgbà ni òun máa dá lẹ́jọ́ kan náà. Bó bá sì wu ilé ìtura, kí wọ́n lọ gba ìwé mìíràn wá. Kí wọ́n tó dé, yìnyín á ti yọ́, ẹja á ti yé tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́. Ìyá-àgbà wọ kúbùsù àtàtà, ó se ẹran àgùntàn, ó gbá iwájú ilé lẹ́ẹ̀mejì. Àárọ̀ ni wọ́n ti sọ pé àwọn máa dé. Oòrùn kan orí, wọn kò dé. Oòrùn yẹ̀. Moroesi jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí wọn kò bá wá, òun máa bọ́ ìlẹ̀kẹ̀, òun máa lọ ṣọ́ odò òun. Ó sọ ọ́ tó ìgbà méje. Ní ìkeje, ohùn inú rẹ̀ kò le mọ́.

Ìyá-àgbà ló kọ́kọ́ rí wọn. Ẹṣin mẹ́rin ń bọ̀ láti ẹ̀yìn òkè, láti ibi tí ẹnìkan kì í gbà wá. Ọkùnrin kan ń fẹsẹ̀ rìn níwájú wọn, yìnyín mu ún dé kókósẹ̀, orí rẹ̀ wà lókè bí ẹni tó gun ẹṣin tó ga ju gbogbo wọn lọ.

Ìyá-àgbà kò jẹ́ kí wọ́n kí òun tán. Ó ní ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń tọrọ ọmọ nílé wọn, kí oúnjẹ tutù kí wọ́n tó yọ.

Ntate Lefa sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, ó ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn. "Ẹ má bínú, Ìyá. Òkè la gbà yí po. Ọ̀nà tó yá gba Phororong kọjá, wọ́n sì ti tì í." Ó wo Moroesi láti orí dé ẹsẹ̀. "Mo gbọ́ pé olùṣọ́ ibẹ̀ kì í mojú ẹnìkan."

Àwọn ọkùnrin wọlé. Seabata dúró níwájú Moroesi, omi ń kán lára bàtà rẹ̀ tó ya, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo.

"Mi ò mú ẹja wá," ó ní. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí odò yẹn, èmi ni màá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Mo ti sọ fún ẹ."

Moroesi fọwọ́ gbọn yìnyín kúrò léjìká rẹ̀, kò yára, ó gbọn ti ọ̀tún, ó gbọn ti òsì.

"Wàá tò sórí ìlà," ó ní, "bíi gbogbo èèyàn."